Ojú Ìwé Tí Wọ́n Gé

Láti ilé ìwé ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọlọ́pàá. Aránṣọ ni mí o, mi ò wọ aṣọ ìjọba rí, ṣùgbọ́n bí pẹ́ńsù kan bá sọnù láàárín ogún èèyàn, màá ti mọ àpò tó wà kí ẹ tó parí ariwo. Ìfura loògùn àgbà. Àjà tí kò fura, àjà á jìn. Onílé tí kò fura, olè á kó o. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé lásán di ẹjọ́.

Ẹgbẹ́ ìwé kíkà wa, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mẹ́rin ni wá, ọmọ kíláàsì kan náà: Tíṣà, Nọ́ọ̀sì, Onífọ́tò, àti èmi. Onífọ́tò nìkan ni ọkùnrin láàárín wa, ariwo ẹ̀ sì ju tàwa mẹ́ta lọ. Nígbà tó yá, a wò ó pé ibi òkú nìkan la ti ń ríra mọ́. Nọ́ọ̀sì ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí Tíṣà ń bọ̀, Onífọ́tò ò sì mọ òpin ọ̀sẹ̀ rárá, torí ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń ṣègbéyàwó. Mo ní ká máa ka ìwé, ká máa pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Kò sí ìdánwò, kò sí alága. Bó o bá kà á dé ìdajì, máa bọ̀. Bó ò bá kà á rárá, máa bọ̀, ṣùgbọ́n kó o panu mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé fẹ́ dìjà. Tíṣà ní Ọjọ́rú, Nọ́ọ̀sì ní Ọjọ́bọ̀, Onífọ́tò ní ọjọ́ yòówù tí kì í bá ti ṣe Sátidé. Mo ní Sátidé ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀. Onífọ́tò lanu kó jà, Nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ ta á lábẹ́ tábìlì. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Wọ́n mọ ìdí ẹ̀. Aago mẹ́rin Sátidé ni ọmọ mi máa ń pè mí. Òun nìkan ni mo bí. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wáṣẹ́, kò sì pa Sátidé kan jẹ, títí di ọjọ́ tó pa á jẹ. Èbúté kan ló ti pè mí gbẹ̀yìn, atẹ́gùn ń fẹ́ sínú fóònù, ó ní, "Màámi, ẹ máa sá àwọn aṣọ mi sóòrùn o, kí kòkòrò má jẹ wọ́n." Láti ìgbà yẹn, kò pè mọ́. Mi ò ka oṣù. Ohun gbogbo ni mo máa ń fi téèpù wọ̀n, ṣùgbọ́n èyí, mi ò wọ̀n ọ́n. Fóònù mi wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ṣáàjì ẹ̀ kì í wálẹ̀. Bí aago mẹ́rin Sátidé bá lù tó bá èmi nìkan ní ṣọ́ọ̀bù, màá pa màṣíìnì, màá máa wo fóònù. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí èèyàn kún ibẹ̀.

A ka ìwé méjì àkọ́kọ́ tìjàtìjà. Àwọn mẹ́ta yẹn kì í fẹnu kò. Nínú ìwé kejì, odindi wákàtí kan ni wọ́n fi jà lórí bóyá akọ ni ajá tó wà níbẹ̀ tàbí abo. Ẹ rántí ìyẹn o.

Tíṣà ló rí ìwé kẹta lórí àtẹ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, a wá ìkejì ẹ̀ tì. Obìnrin oníjà kan ló wà nínú ẹ̀, ó ní ilé àlejò lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì ń fi ìgbálẹ̀ lé àwọn oníbàárà ẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin kan tó wà lójú òkun. Tíṣà ka ojú ìwé kìíní fún wa, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Onífọ́tò ní àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ mí.

Torí pé ẹyọ kan ni, mo ṣètò: ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká tó pàdé. Tíṣà, Nọ́ọ̀sì, Onífọ́tò, èmi kẹ́yìn. Mo fi ìwé náà sínú àpò ìwé ńlá, mo ní kí ẹni tó bá gbà á tàbí tó dá a padà kọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ Tíṣà ò tíì pé tó fi pè mí. Àsìkò ìsinmi ni, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn ẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ìwé yẹn ò dùn mọ́ o. Jẹ́ ká wá òmíràn."

"Kò dùn báwo? Ṣebí ìwọ lo mú un wá?"

"Ó kàn ń fà ni. Jọ̀ọ́."

Tíṣà tó ń ka ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo àyọ́ọ̀nù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Mo ní rárá, a ò ní pààrọ̀ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, Nọ́ọ̀sì wá gba aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ tí mo bá a fún, ó ní, "Lẹ́tà ìwé yẹn ti kéré jù, ó máa ba ojú ẹ jẹ́." Èmi tí mò ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ láìlo awò! Mo bi í pé kí lòun àti Tíṣà ń fi pamọ́ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ò dénú, ó sì gbàgbé aṣọ tó wá gbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta ni Onífọ́tò gbé ìwé dé. Kò jókòó. Èèyàn tí kì í kúrò lọ́dọ̀ mi láìjẹ bisikíìtì mi tán! Ó gbé fóònù ẹ̀ sórí tábìlì kó lè wá bírò láti kọ orúkọ, fóònù náà tàn, ojú mi sì bọ́ sí i. Ẹgbẹ́ kan ni, orúkọ ẹ̀ ni "Àwa Mẹ́ta". Tíṣà ló kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀: "Ṣé o ti fún un?"

Àwa mẹ́ta. Mẹ́rin la jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fi wá kúnlẹ̀ ní kíláàsì. Kí n má parọ́, owú jẹ mí, ó sì dùn mí wọra. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo padà wọlé, mo yọ ìwé náà yẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ òkú wò.

Ìparí ẹ̀ ò sí. Ojú ìwé igba ó lé mẹ́jọ dá dúró láàárín ọ̀rọ̀: "Obìnrin náà na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà, ó sì". Kò sí nǹkan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo fi èékánná tọ ibi tó ṣẹ́ kù sẹ́bàá òwú tí wọ́n fi rán ìwé náà. Wọn ò fà á ya. Wọ́n fi abẹ gé e, ó tọ́ bí ẹni fi rúlà tì í. Tíṣà ní abẹ tó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká sọ tiẹ̀. Onífọ́tò ní èyí tó fi ń gé fọ́tò kékeré. Gbogbo wọn ló ní irin iṣẹ́. Mo ní àṣé wọ́n fẹ́ kí n jókòó bí ọ̀dẹ̀ láàárín wọn, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ohun tí mi ò kà, kí wọ́n lọ rẹ́rìn-ín ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Àwa Mẹ́ta. Ó dáa. A jọ máa rí i.

Nígbà tí Sátidé ìpàdé pé, mo fi aṣọ bo àwọn màṣíìnì, mo to àga, mo gbé bisikíìtì sílẹ̀. Wọ́n dé. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, mo pín bébà tí mo fi ń gé bátànì fún wọn.

"Ẹ kọ ọ́ ní ìlà kan: báwo ni ìwé yẹn ṣe parí?"

"O ní kò sí ìdánwò," Onífọ́tò ní.

"Ó ti wà báyìí."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n kọ ọ́. Mo gba bébà Tíṣà: *Ọmọ rẹ̀ dé láyọ̀, ìyá rẹ̀ sì dì mọ́ ọn.* Mo gba ti Nọ́ọ̀sì: *Ọmọ rẹ̀ dé láyọ̀, ìyá rẹ̀ sì dì mọ́ ọn.* Mo gba ti Onífọ́tò, tí kì í kọ nǹkan láìṣi í kọ: *Ọmọ rẹ̀ dé láyọ̀, ìyá rẹ̀ sì dì mọ́ ọn.*

"Tíṣà," mo ní, "ìwọ tó ò ń na ọmọ ọlọ́mọ torí wọ́n jíwèé wò! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jà lórí ajá, ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹ lẹ́tà kan?" Mo yọ ìwé náà, mo ṣí i síbi tí wọ́n ti gé e, mo tì í sáàárín tábìlì. "Èwo nínú yín ló fi abẹ kàn án?"

 Onífọ́tò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Èmi ni. Tíṣà ló kọ́kọ́ kà á dé ìparí. Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì sọ fún mi. A ní ká pààrọ̀ ìwé, o ò gbà. Kí wá ni ká ṣe?"

"Kí ló wà níbẹ̀ tójú mi ò gbọdọ̀ rí?"

Tíṣà ṣí báàgì ẹ̀. Ó ti fi àwọn ojú ìwé náà sínú náílọ̀n, kò jẹ́ kí wọ́n ká kò. "Lẹ́tà yẹn," ó ní, "wọ́n ní ọkọ̀ ọmọ ẹ̀ rì. Wọn ò rí òkú ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà ni? Ìwé ṣáà ni! Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ọmọ onílé àlejò ló kú, kì í ṣe..."

Mo wo ojú wọn. Kò sí ẹni tó gbójú sókè nínú wọn. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé mo ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá.

"Ẹ ti sin ọmọ mi," mo ní.

"Rárá o!" Tíṣà pariwo. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ ti sin ín. Bẹ́ ẹ bá gbà pé ó wà láàyè, kí lẹ ń gé ìwé sí? Ọjọ́ wo lẹ sin ín? Ta ló gbẹ́ ilẹ̀? Ẹ ò tiẹ̀ lè ránṣẹ́ pe ìyá ẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì ti ń sunkún. "Oṣù mẹ́rìnlá ni, ọ̀rẹ́ mi," ó ní. "Oṣù mẹ́rìnlá ti lọ."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi létí rí. Ó bá mi bí ẹni gbá mi létí. Onífọ́tò, tí ẹnu ẹ̀ kì í gbélé, fẹ́ tù mí nínú, ó ní, "Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi..."

"Dákẹ́! Ẹni tó pa òwe yẹn ò jókòó ti fóònù rí."

Mo gba àwọn ojú ìwé náà lọ́wọ́ Tíṣà. Mo mú abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tó nípọn tí mo fi ń rán aṣọ àga, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fọwọ́ tọ́ ọ, mo sì rán wọn padà sáyè wọn. Abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́rin ti kọjá, fóònù ò dún. Nígbà tí mo já òwú, mo ní, "Ẹ máa lọ. Sátidé méjì òní, aago mẹ́rin. Ẹni tó bá ti sin ọmọ mi, kó jókòó sílé ẹ̀."

Wọ́n lọ. Bisikíìtì pé lórí àwo.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ò dára fún mi. Ìfura tó mọ́ mi lára ò rí ẹlòmíì dì mú mọ́, ló bá yíjú sí mi. Ó ní, Ọlọ́pàá, ìwọ tó o gbà pé ó wà láàyè, kí ló dé tó o fi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó ò ń rán an?  Mo gé apá aṣọ oníbàárà kúrú, mo tún gé ìkejì kúrú.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìpàdé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo kà á. Ojú ìwé mẹ́rin péré. Obìnrin náà ka lẹ́tà, ó pa á pọ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì lọ gbá yàrá kan, torí àlejò ń bọ̀. Ibẹ̀ ló parí sí. Mo ké. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn títí, ó lọ. Nígbà tí ẹkún tán, mo lọ sílé, mo kó aṣọ ọmọ mi jáde, mo sá wọn sóòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò ò jẹ wọ́n.

Ní Sátidé, àga kan ni mo gbé síta. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mo ní kò burú. Ni mo bá gbọ́ ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, Tíṣà tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé tuntun lọ́wọ́, Onífọ́tò kẹ́yìn, kámẹ́rà wà lọ́rùn ẹ̀, wọ́n sì ń wá a níbi ìgbéyàwó kan. Wọn ò kí mi, èmi náà ò kí wọn.

Nọ́ọ̀sì mú fóònù ẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lórí tábìlì. "Nọ́ńbà mi ò yí padà rí," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọmọ ẹ kó mọ̀ ọ́n lórí nígbà tó wà ní kékeré, kó lè pè mí bí ara ẹ̀ ò bá yá. Bí tìẹ bá sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lè pe tèmi." Tíṣà gbé tiẹ̀ sílẹ̀. Onífọ́tò náà gbé tiẹ̀ sílẹ̀, ó dojú ẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ti mọ́ jù, bí ohun tí wọ́n ti jọ fẹnu kò lé lórí níbòmíì kí wọ́n tó dé. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń wo ojú èèyàn. Ṣé wọ́n gbà pé ó máa pè ni, àbí wọ́n tún ti gé nǹkan kan pamọ́ fún mi? Ìbéèrè náà dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo lọ fa àga mẹ́ta wá láti ẹ̀yìn.

"Tíṣà, ṣí ìwé tuntun," mo ní. "Kà á sókè fún wa. Ṣùgbọ́n má pariwo jù, ká lè gbọ́ bí fóònù bá dún."