Orin Tí Àfúsá Kọ Nídìí Òkúta

Ohùn náà ti gba gbogbo ilé àwòrán kan kí Àfúsá tó mọ̀ pé ohùn òun ni. Nínú fídíò lára ògiri funfun lọ́hùn-ún, obìnrin mẹ́rin jókòó ti òkìtì òkúta, wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ. Òun ló ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é:

"Ẹni tó sin mẹ́ta tí kò sunkún,
Ẹ bi í, kí ló fi wọ́n ṣe?"

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe àwọn ará àdúgbò sí. Oyíndà, ọmọbìnrin tó ni ilé àwòrán náà, ti wọ agboolé-dé-agboolé ní Ìjẹmọ̀ pé kí tọmọdé tàgbà wá wo fídíò, kí wọ́n wá gbọ́ orin àdúgbò wọn. Èkó ni wọ́n ti tọ́ Oyíndà. Ó gbọ́ adùn orin, kò gbọ́ ìjà inú rẹ̀.

Ọdún méjì sẹ́yìn ló gba fídíò náà sílẹ̀, nígbà tí Àfúsá àti ìyálé rẹ̀, Bùsírátù, ń jà lórí omi, tí wọ́n ń jà lórí iná. Ọmọ mẹ́ta ni Bùsírátù ti sin. Kò ké lójú ẹnikẹ́ni, torí àáfà ní Ọlọ́run tó fún un náà ló gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá tí òkúta já lé Àfúsá lọ́wọ́, Bùsírátù ló ń wẹ̀ fún un bí ọmọ ọwọ́. Láti ìgbà náà ni ìjà ti parí. Ìkòkò kan ni wọ́n jọ ń sè, àga méjì tó kángun síra ni wọ́n sì jókòó sí nílé àwòrán náà.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí wọn. Rodiat, àbúrò ọkọ wọn, rẹ́rìn-ín. "Ẹnu tó ń lá ọbẹ̀ ìyálé ló ń kọ ọ́ lórin yẹn."

Oyíndà sáré pa ẹ̀rọ. Àwọn kan ń bi í pé ta ló rán an níṣẹ́, àwọn kan ní kó jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ dópin.

Bùsírátù kò wo ẹnikẹ́ni. "Àfúsá, ta lò ń bá wí?"

Ìyá Àmínù, ọ̀kan nínú àwọn tó gbe orin náà, ti yára dáhùn pé orin òkúta lásán ni, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn àbáyọ nìyẹn, láti ayébáyé ló sì ti wà. Ẹni tó bá dáhùn orin èébú ni orin ń bá wí. Bí Àfúsá bá gba ibẹ̀ jáde, Bùsírátù tó béèrè ni ìtìjú yóò bá lọ sílé.

Àfúsá kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, ìyálé mi. Irọ́ ni mo sì pa. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá wa. Mo máa ń gbọ́ ẹkún yín lóru."

Àwọn èrò hó lé e lórí. Bùsírátù dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ síwájú.

"O gbọ́ ọ," ló wí, "o sì kọ ọ́ lórin. Lọ wá ìkòkò tìrẹ."

Ó jáde. Oyíndà wá ń bẹ̀bẹ̀ pé òun yóò pa fídíò náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Ta ni yóò wá pa á rẹ́ létí àwọn wọ̀nyí?" ni Àfúsá wí. "Gbé fóònù rẹ wá. Mo fẹ́ tún òótọ́ tí mo sọ yìí sọ sínú rẹ̀."

Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó kọjú sí àwọn tó ń hó, ó sì dúró títí iná fóònù náà fi tàn sí i lójú.