Orúkọ Màámi Nínú Sátẹ́láìtì

Ẹni tó bá fẹ́ bá àbúrò mi Oyèrónkẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, kó yáa mọ̀ pé fóònù kì í wọ ibi tó wà. Iyàrá tí wọ́n ti ń to sátẹ́láìtì ni, níbí ní Torino, ní Ítálì, eruku kan ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Rónkẹ́ á fi fóònù sílẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, á wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, á bo irun, á bo ẹnu. Mo máa ń bi í pé ṣé Sẹ́lẹ́ ló ń lọ ni.

Èmi, páálí ni mò ń rù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí. Níbi tiwa, tí o bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹlòmíràn ti wà nídìí páálí rẹ. Ọdún tí Bàbá wa kú, mo lọ sin wọ́n. Nígbà tí mo padà dé, káàdì tí mo fi ń wọlé ò ṣílẹ̀kùn mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi títí dòní.

Ní oṣù kẹta, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti sátẹ́láìtì náà pa, kí wọ́n dì í sínú àpótí, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti máa gbé e fò. Àwọn tó ṣe é ní àṣà kan. Kí wọ́n tó de ìdérí ìkẹyìn, olúkúlùkù á mú orúkọ ẹnì kan wá, wọ́n á fín in sára irin pẹlẹbẹ kan, wọ́n á fi irin náà sínú rẹ̀. Àṣàbí ni Rónkẹ́ mú wá, orúkọ Màámi. Inú Màámi dùn débi pé wọ́n sọ fún gbogbo ìjọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé àwọn ń lọ sókè láàyè bíi Èlíjà.

Ọjọ́ Ajé ni Àǹtí Olúbísí, àbúrò Màámi, pè mí láti ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá Màámi wó. Rónkẹ́ ni wọ́n ń bèèrè, fóònù rẹ̀ ń dún, kò sì gbé e.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́,” mo ní. “Friday ni wọ́n máa ti nǹkan yẹn. Tó bá gbọ́, á fi iṣẹ́ sílẹ̀, they will replace her.”

Màámi gba fóònù. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. “Lání, ṣé ọmọ mi ò ní wá ni?”

“Tó bá ti parí lọ́jọ́ Friday, á wọ bàálù, Mà.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ ẹ̀.”

Ní ìrọ̀lẹ́ Rónkẹ́ pè mí. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá mi. Àǹtí Olúbísí pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ṣé kò sí o?”

“Wọ́n fẹ́ kí ọ ni. Fóònù Màámi ló bàjẹ́. Lọ sinmi, o níṣẹ́ lọ́la, domani lavori.”

Dára, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbójú sókè nídìí oúnjẹ. “Papà, perché non glielo dici?” Ó fẹ́ mọ ìdí tí mi ò fi sọ òótọ́. Mo ní kó máa jẹun rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Màámi fi ayé sílẹ̀. Mo jókòó lórí páálí, mo sunkún bí ọmọdé. Síbẹ̀ mi ò pe Rónkẹ́. Àwa kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. A máa ń jẹ́ kó délé, kó jókòó, kó jẹun ná. Ẹ̀yìn àṣà yẹn ni mo sá pamọ́ sí. Mo ní ó ṣáà ku ọjọ́ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, Rónkẹ́ wá sílé mi tẹ̀ríntẹ̀rín. “Bọ̀dá mi, a ti tì í! Èmi ni mo de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Ẹ bá mi pe Àǹtí Olúbísí, kí wọ́n gbé fóònù fún Màámi.”

Mo ní kó jókòó. Mo gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀. Ó wo ìrẹsì, ó wo ojú mi, ó ti mọ̀.

“Nígbà wo?”

“Lánàá.”

“Ìgbà wo ni àìsàn bẹ̀rẹ̀?”

“Ọjọ́ Ajé.”

“Ṣé wọ́n bèèrè mi?”

Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. “Bọ̀dá, àwa mẹ́rin la mọ iṣẹ́ yẹn. Ká ní mo sọ fún capo mi, ọ̀gá wa, ni, that same day ni wọn ì bá fún mi ní permesso kí n máa lọ. Màmá ẹnì kan nínú wa ṣàìsàn ní Padova lóṣù tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níbẹ̀, èmi ni mo ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?”

Òṣùwọ̀n magazzino ni mo fi wọn iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Àwa méjèèjì lọ sin Màámi. Láti ìgbà náà kò wá sílé mi mọ́, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kọ̀wé sí mi lórí fóònù, mo sì kà á láàárín páálí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ò tíì ṣetán, wọ́n ti sún ìfò rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Àpótí sátẹ́láìtì ṣì wà ní Torino, ibi tí wọ́n gbé e sí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò kọ “ẹ kú iṣẹ́” tó máa fi ń kí mi sí i.