Bẹ́ńṣì Kẹta, Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé

Kí ọmọbìnrin náà tó sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin ti fún un ní ìmọ̀ràn mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, nítorí ará ìlú ńlá a máa rò pé ẹni tó bá kí òun fẹ́ tọrọ nǹkan ni. Kò gbọdọ̀ wòkè bó bá ń rìn, kí wọ́n má baà mọ̀ pé àlejò ni. Kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀nà. Ẹ̀kẹrin ni pé kò gbọdọ̀ jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba, nítorí ẹni tó bá jókòó ni wọ́n máa ń gbàgbé.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbí," ni ọkùnrin náà wí, ó sì na ọwọ́ yí yàrá náà ká bí ẹni tó ń fi ààfin hanni. "Ohun tó bá rú ẹ lójú, bi mí."

Òkè kẹrin ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni yàrá náà wà. Fìríìjì mẹ́ta tí ikùn wọn ṣí sílẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí àtúnṣe fìríìjì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò yé ọmọbìnrin náà ni ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà láàárín wọn, pẹ̀lú ṣòkòtò mẹ́fà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ há lẹ́sẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ tún ń ránṣọ ni?"

"Ọ̀rọ̀ pọ̀. Jẹ́ ká jẹun ná."

Ìmọ̀ kẹ́míkà ni ọmọbìnrin náà fi gboyè. Ilé iṣẹ́ omi ìlú ti gbà á láti máa yẹ omi wò, ṣùgbọ́n ìlà kan wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà wọn: bí kò bá mú ìwé ẹ̀rí ibùgbé wá kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà. Ọdún méjì ló fi wá iṣẹ́. Lẹ́tà mọ́kàndínlọ́gọ́fà ló kọ kí ẹnì kan tó dá a lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ibùgbé. Wọ́n fún un ní ìwé nọ́ńbà, èyí tí wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ déètì àti àkókò sí nígbà tí ènìyàn bá dé àti nígbà tó bá ń lọ. Akọ̀wé, obìnrin kan tó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ní kó lọ mú lẹ́tà onílé wá. Onílé ní òun kì í kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kó lọ mú ẹ̀rí pé ó ti wọṣẹ́ wá. Ilé iṣẹ́ omi ní àwọn kì í fún ẹni tí kò níbùgbé ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà rìn yíká ìlú, ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò pariwo. Ó ti ṣàkíyèsí láti ilé ẹ̀kọ́ gíga pé ẹni tó bá ń pariwo ni wọ́n máa ń ní kó lọ fara balẹ̀ kó tó padà wá, nítorí náà ó ti kọ́ bí a ti í bínú láìgbé ohùn sókè.

Nírọ̀lẹ́, ó sọ fún àbúrò ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ ṣáà bá mi kọ lẹ́tà pé ọ̀dọ̀ yín ni mò ń gbé."

Ọkùnrin náà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Èmi gan-an ò gbé níbí."

"Ẹ ní ọdún mọ́kànlá!"

"Télọ̀ ló ń gbé níbí. Télọ̀ kan ló gba yàrá yìí. Ó rìnrìn àjò, ó ní kí n bá òun ṣọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò padà wá mọ́. Orúkọ ẹ̀ ló wà nínú ìwé ilé, onílé ò sì mojú ẹ̀. Ọjọ́ tí onílé wá kanlẹ̀kùn, ó ní, 'Télọ̀, ṣé o wà ńlé?' Mo ní, 'Mo wà ńlé, sà.' Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ju ṣòkòtò méjì lé mi lọ́wọ́."

"Ẹ sì rán an?"

"Kí ni kí n ṣe? Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ó wọ̀ ọ́, ó wo ara ẹ̀ nínú dígí, ó ní àṣẹ̀ṣẹ̀dé ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ti ń gbé tiwọn wá."

"Ẹni tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú yìí," ni ọmọbìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ tutù ju gbogbo fìríìjì inú yàrá náà lọ, "òun fúnra ẹ̀ ò tíì dé."

"Má bú mi o. Ẹ̀gbọ́n mi ló bí ẹ."

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ kì í lù kó má ti dé ọ́fíìsì náà. Bí wọ́n bá ti ní kó lọ kó padà wá, yóò lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, títí wọn yóò fi tilẹ̀kùn. Ó ń kí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Nígbà tó di ọjọ́rú, àwọn àlejò ti ń bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́bọ̀, Akọ̀wé gbé báàgì rẹ̀ fún un, ó ní, "Àbúrò, bá mi mójú tó o, mo fẹ́ lọ jẹun." Agbálẹ̀ sì ń sọ fún un láràárọ̀ pé, "Ẹ bá mi gbẹ́sẹ̀, onílé."

Níwájú rẹ̀ ni wọ́n lẹ òfin ibùgbé mọ́ ògiri, abala méjìlélọ́gbọ̀n, lẹ́tà wínníwínní. Ó dájú pé kò sẹ́ni tó kà á rí, títí kan ẹni tó lẹ̀ ẹ́, nítorí ojú ìwé kejì dorí kodò. Ọmọbìnrin náà kà á tán. Ó tún un kà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kọ fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé gbé gíláàsì sójú, ó ń kà á sókè: "Bẹ́ńṣì kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ibùgbé... Àbúrò, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Abala kẹtàdínlógún ní ibùgbé ni ibi tí ènìyàn ń wà jù lọ lójú ọ̀sán, tí ìwé olóǹtẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Àwọn ìwé nọ́ńbà mi nìyí, láti ọjọ́ Ajé. Òǹtẹ̀ yín ló wà lára wọn. Àbí ẹ rí mi níbòmíràn lọ́sẹ̀ yìí?"

"Èmi? Mi ò rí ẹ níbòmíràn o." Ó yọ gíláàsì, ó tún un gbé sójú, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá kí ọ̀gá tó yọjú, ife tíì lọ́wọ́. Ó ka fọ́ọ̀mù náà, ó rẹ́rìn-ín. "Kò ṣeé ṣe. A kọ̀ ọ́."

"Ó dáa, sà. Abala kejìlélógún ní kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ibùgbé ẹni tí ẹ kọ̀ fún."

"A ó fi ránṣẹ́. Ìyẹn le ni?" Ọ̀gá fa bírò yọ, ó tẹ́ ìwé, ó kọ déètì. Bírò náà dúró. "Níbo... níbo la ó fi ránṣẹ́ sí?"

Agbálẹ̀ ló dáhùn láti igun yàrá, kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Bẹ́ńṣì kẹta ni, sà. Ibẹ̀ ló ń gbé."

Ọ̀gá wo bẹ́ńṣì. Ó wo òfin ara ògiri, ó yí orí láti lè ka ojú ìwé kejì. Bó bá kọ bẹ́ńṣì sára lẹ́tà, òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé ibùgbé ni. Bí kò bá kọ ọ́, ó ti rú òfin. Ó gbé òǹtẹ̀, ó sì lù ú mọ́ fọ́ọ̀mù náà débi pé tíì ta sí i láṣọ.

"Má gbé ìkòkò wá síbẹ̀ o," ló wí.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nígbà tí ọmọbìnrin náà sáré wọ ilé iṣẹ́ omi. Ọkùnrin tó gba ìwé náà kò ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra òǹtẹ̀ náà wò bóyá ó ti gbẹ, ó sì tì í sínú fáìlì. "Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ló wí. Ọmọbìnrin náà wo fáìlì náà. Bó bá jẹ́ orí igi ló kọ síbẹ̀, orí igi náà ni ì bá wọ inú fáìlì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀dà ìwé náà sún mọ́ iná, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fa téèpù ìwọnṣọ ọrùn rẹ̀ yọ, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó tú u.

"Bẹ́ńṣì yẹn, báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ó gba èèyàn mẹ́ta, Bọ̀dá."

Ọkùnrin náà wo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì wò ó pẹ́. "Gbà mí nímọ̀ràn."

"Ẹ dé kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jókòó."

"Ṣé kí n mú ṣòkòtò onílé dání?"

"Ẹ mú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ máa pẹ́ níbẹ̀."