Àga Tí Kì Í Dún

Láti ìgbà tí àga ti ṣẹ́ mọ́ Ìyá nídìí, etí wọn ló ń pinnu fún ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á gbé ọwọ́ lé apá àga, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì dákẹ́ bí ẹni tó ń retí ìròyìn. Bí àga bá dún, ì báà jẹ́ bíńtín, ó parí. Wọ́n á fẹ̀yìn tì padà, wọ́n á ní kò kúkú sí ibi tí àwọn fẹ́ lọ. Dókítà ti yẹ eegun wọn wò, kò rí èyí tó bàjẹ́. Ara wọn le. Ìró yẹn ni wọn ò lè fara dà.

Ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ló ń fà wọ́n dìde. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń ṣe. Bó bá lọ ra pákó, Ìyá á jókòó sójú kan náà títí yóò fi dé. Èyí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ tó fi ní òun ń bọ̀ wá mú Ìyá lọ sílé òun. Kò fi ìjà sọ ọ́. Òun ló ra àga tó ṣẹ́ náà fún wọn, àga ọjà tó ń dán, tí wọ́n fi ìṣó kàn, àtìgbà tó ti ṣẹ́ ni ojú ti ń tì í. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí òun bá rí i tí Ìyá dá dìde fúnra wọn, òun ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Bí òun ò bá rí i, kí àbúrò òun bá wọn di ẹrù.

Ìyá ò sọ pé àwọn ò lọ. Wọ́n kàn ní ilé Ẹ̀gbọ́n dára, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán bí ojú omi. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ògiri yàrá wọn bí ẹni ń pa orí ọmọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà rí i, ó yí padà, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù wà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, oòrùn máa ń gba ojú ihò páànù wọlé ní tín-ín-rín, eruku igi á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, gbogbo nǹkan á sì dà bí ohun tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó jókòó sórí pákó, ó tẹjú mọ́ ibi tí kò sí nǹkan kan. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í yàwòrán. Ó máa ń wo afẹ́fẹ́ títí àga á fi yọ níbẹ̀, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ìjókòó, lẹ́yìn náà apá. Àwọn tó ń kọjá á ní oorun ló ń kùn ún. Oorun kọ́, àmọ́ kò jìnnà sí i.

Apá àga ló ń rò jù. Ó gbọ́dọ̀ yọ síwájú díẹ̀, kí Ìyá lè rí ibi fi gbogbo ara tẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Kò sì gbọdọ̀ sí ìṣó níbẹ̀. Ìṣó á dógùn-ún nínú igi, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ náà la tún padà sí yẹn.

Wíwọ̀n kọ́kọ́ di wàhálà. Ó mú téèpù wá, Ìyá gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Pósí ni iṣẹ́ tó ń wọlé jù lọ́dún náà, Ìyá sì mọ̀.

“Àwọn tí o ń fi ìyẹn wọ̀n kì í dìde mọ́,” ni wọ́n wí. “Gbé e kúrò lójú mi.”

Ó wá ọgbọ́n dá sí i. Ó mú Ìyá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n gba atẹ́gùn sára. Bó ṣe ń bá wọn tàkúrọ̀sọ ló ń ti àjẹkù pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tó ń yọ ọ́, tó ń fi òmíràn sí i, títí orúnkún wọn fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá mọ̀ dáadáa. Wọ́n ní eku inú ṣọ́ọ̀bù yìí mà lágbára o, ó ń gbé pákó. Ṣùgbọ́n wọn ò yọ ẹsẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín pákó tó gbẹ̀yìn àti orí àpótí, ìyẹn ló fi ṣe gíga ìjókòó.

Ó wá igi líle tó ti gbẹ dénú. Orí igi tó bá máa wọ inú òmíràn, ó gbẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ahọ́n. Ó gbẹ́ ihò fún un, ihò tí kò yọ sódì kejì, tí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Orí ahọ́n náà ni yóò là díẹ̀, tí yóò ki igi kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ ojú ibi tó là. Bí òòlù bá lù ú wọlé, ìdí ihò á ti igi kékeré náà sínú, ahọ́n á sì ya sí méjì nínú òkùnkùn, á há síbẹ̀. Ẹni tó wà lóde ò ní rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní àtúnṣe. Bí ìwọ̀n bá ti yẹ̀, àfi kí o fọ́ igi náà.

Ẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kó ṣìṣe. Ó to àga náà pọ̀ láìtíì fi igi kékeré sí i, ó ní kí Ìyá kọ́kọ́ jókòó wò ó. Ojú ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń wo àga. Ó gbàgbé pé etí ni Ìyá fi ń wo tiwọn. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé apá rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Gbogbo oríkèé àga náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ní àga náà rẹwà, kó fa àwọn dìde, kó wá ẹni tó máa tà á fún. Ọ̀la sì ni Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀.

Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ ò tíì parí. Ìyá ní àwọn gbọ́. Ó ní bí òun bá lù ú pọ̀ tán, kò ní dún mọ́. Ìyá tún ní àwọn gbọ́. Nígbà tó rí i pé ẹnu ò lè ṣe é, ó yí sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé àpótí Ìyá sún mọ́ ibi iṣẹ́, ó mú òòlù onígi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Òòlù ń dún gbuu bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tó ṣófo. Ó ṣe díẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà, ó ki, ó kúrú, bí ìgbà tí nǹkan wúwo já sínú ẹrẹ̀. Ìyá ti dijú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ wọn náà nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n mọ ohùn yẹn bí wọ́n ṣe mọ ikọ́ ọkọ wọn.

“Ìyẹn wọlé,” ni wọ́n wí láìlajú.

Ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Kò rí àlàfo kankan mọ́ lójú ẹ̀, ó gbé òòlù kalẹ̀.

“Ìyẹn ò tíì wọlé.”

“Ó ti wọlé, Ìyá.”

“Mo ní kò tíì wọlé. Ṣé ojú lo fi ń gbọ́ ni?”

Ó tún un lù. Lóòótọ́, ohùn náà yí padà.

Bí wọ́n ṣe lo ọ̀sán yẹn nìyẹn. Oòrùn ń kúrò lójú ihò páànù kan, ó ń bọ́ sójú òmíràn. Láàárín ìró kan sí èkejì, Ìyá ń bá ọkọ wọn tó ti kú sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ń fi ẹjọ́ sùn ún pé ọmọ rẹ̀ ń lù ú le jù. Gbẹ́nàgbẹ́nà ò wẹ̀yìn. Ó dín agbára rẹ̀ kù.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá jókòó sínú àga náà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dán dídìde wò. Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbádùn. Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú báàgì ńlá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ọ̀nà jìn, àtàárọ̀ kùtùkùtù ló ti wà lójú ọ̀nà. Ó kí Ìyá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó dojú kọ wọ́n, àbúrò rẹ̀ fún un lómi. Ó rọra ní kí wọ́n dìde kí òun rí i.

“O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o ti ń lé mi,” ni Ìyá wí, wọ́n sì dijú.

Ó ní òun á dúró dè wọ́n. Ilé dákẹ́. Ooru bo gbogbo nǹkan bí aṣọ. Eṣinṣin kan ń yí ká láìyára, Ìyá ń mí lókèlókè, kò sì pẹ́ tí oorun fi jí Ẹ̀gbọ́n gbé lórí ìjókòó, orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ife sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè mira.

Ìyá lajú. Wọn ò wo àga, wọn ò wo ẹnikẹ́ni. Ife yẹn ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbé ọwọ́ lé apá àga méjèèjì, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Àga náà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ, wọ́n gba ife náà, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n bọ́ ìborùn ọrùn wọn, wọ́n ká a, wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí sọ́rùn ọmọ wọn. Ìgbà tí wọ́n ṣe é tán ni wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn, bí ẹni tó jí sílùú tí kò mọ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́ pariwo kí Ẹ̀gbọ́n lè jí wá wò ó. Ìyá fi ìka lé ẹnu. Wọ́n ní ó ti rẹ ọmọ náà. Wọ́n padà lọ jókòó.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jí, ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò rí ife.

“Ta ló gba ife lọ́wọ́ mi?”

“Ẹni tó bí ọ,” ni Ìyá wí.

Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìborùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wo ọrùn Ìyá tó wà lófo. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un ṣe kí òun fojú rí i. Ìyá ní àwọn kọ́ ni àwọn ní kó sùn.

Ó wá dìde, ó kúnlẹ̀ ti àga náà, ó fi gbogbo agbára tẹ apá rẹ̀, ó na etí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú ìṣó títí, kò rí. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

“Inú ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Ó wá ní bí oòrùn bá rọ̀ díẹ̀, òun á máa lọ sílé, òun nìkan.

Nígbà tó gbé báàgì rẹ̀ lófìfo, Ìyá ní kó dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ lé apá àga, wọ́n dìde lójú rẹ̀, wọ́n ń sìn ín lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ń fẹ̀yìn rìn níwájú wọn, ó la apá méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn.

“Wo ibi tí o ń lọ,” ni Ìyá wí. “Bí ìwọ bá ṣubú níbí, n kò ní fà ọ́ dìde o.”