Ẹni Tó Kí Ajá Ọ̀gá

Ọdún méjìdínlógún ni Olùkọ́ Àgbà fi ń fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ló sọ ọ́ láyé àtijọ́: ó kí ọ̀gá, ó kí ìyàwó ọ̀gá, ó kí ajá ọ̀gá, ó sì tún padà sórí ọ̀gá. Olùkọ́ a fi imú kà á bí ẹni ń ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, “Ẹ wo ẹni tí ń fi ahọ́n nu bàtà.” Ẹ̀rín a sì sọ.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan nawọ́. “Sà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́?”

“Ọ̀rọ̀ là ń kọ́ níbí, a kì í kọ́ ìròyìn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ó yà sí ọ́fíìsì Ìyá Atẹ̀wé, lẹ́yìn ògiri pákó kíláàsì, ẹni tó ń bá a tẹ ìwé ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, ó béèrè bóyá wọ́n lè rí odindi ìwé ìròyìn tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Obìnrin náà kò wá a. Ó kàn fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú un jáde.

Olùkọ́ kà á ní ìdúró. Lọ́jọ́ náà, ọlọ́pàá wá kó àwọn obìnrin tó daṣẹ́ sílẹ̀. Bí akọ̀wé ti ń fi ìkíni dá ọ̀gá àti ọlọ́pàá dúró níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ogójì obìnrin ń gba ẹ̀yìn iyàrá aró jáde. Òun nìkan ni wọ́n bá, òun ni wọ́n sì tì mọ́lé.

“Báwo lèyí ṣe dọ́wọ́ yín?”

“Bàbá mi ni akọ̀wé náà. Ajá yẹn sì bù wọ́n jẹ. Kò mọ̀ pé wọ́n kí òun.”

“Ẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ fún mi?”

“Iṣẹ́ mi ni. Mo rò pé ẹ ó béèrè lọ́dún kìíní. Nígbà tó yá, ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún yín.”

“Ẹ wá jókòó ní kíláàsì lọ́la, kí n tún un ṣe.”

“Pákó ló là wá láàárín, sà. Ibi tí mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín náà ni n ó ti gbọ́ èyí.”

Lọ́jọ́ kejì, Olùkọ́ ka ìwé ìròyìn ṣáájú, ó wá fi ohùn ara rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ akọ̀wé, láìfi imú ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó kan ajá, akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn fi imú rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ti kọ́ wọn gan-an.

Lẹ́yìn pákó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́. Olùkọ́ Àgbà kò lè gbójú sókè.