Ìtumọ̀ Tí Akọ̀wé Fi Pẹ́ńsùlù Kọ

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2017, ọmọ bíríkìlà kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti lù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó ń tún fíríìjì ṣe, kò tíì níyàwó, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù nínú àwọn mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ bí.

Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló fi bulọ́ọ̀kù yí ibojì náà ká. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó lọ jókòó, àwọn á bá a ṣe é. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó ta okùn, ó tò ó, ó rẹ́ ẹ, ó sì dán an títí ojú rẹ̀ fi tẹ́ bí omi inú àwo. Kò sunkún. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó mú ìwé ìbí ọmọ náà wá sí ọ́fíìsì kí wọ́n lè kọ ikú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí àpótí tí wọ́n ń kó ìwé sí, ó yọ ọ́, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Kò nílò láti kà á, ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Síbẹ̀ ó kà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé wínníwínní kan ni, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́: "Clifford: ẹni tí yóò gbẹ̀yìn bàbá àti ìyá rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ẹ̀yìn ìwé nìyí. Kí wọ́n tó bí ọmọ yìí, bíríkìlà àti ìyàwó rẹ̀ ti sin méjì. Obìnrin ni àkọ́kọ́, kò pé ọdún kan. Ọkùnrin ni èkejì, ó ti ń sáré kiri ilé. Orúkọ àwọn bàbá àti ìyá àgbà ni wọ́n sọ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, bíríkìlà ní òun ò fi orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí pe ọmọ mọ́, orúkọ tí ikú ò gbọ́ rí nínú ilé àwọn lòun fẹ́. Ilé alájà mẹ́ta kan ló ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Ní igun ìwé àwòrán ilé náà, ẹni tó yà á kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀: Clifford. Bíríkìlà ò rí ọkùnrin náà rí. Ó kàn mọ̀ pé gbogbo ìlà tó fà ló tọ́, pé ògiri kan ò yẹ̀ nínú ilé náà. Ó mú orúkọ ọ̀hún lọ sí ọ́fíìsì.

Akọ̀wé tó wà ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ìbí láyé ìgbà yẹn ní ìwà kan. Bàbá kan ò lè mú orúkọ òyìnbó wá síwájú rẹ̀ kó sì lọ láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. "Orúkọ ní í ro ọmọ," lá máa wí. "Ṣé o lè gbé oúnjẹ tí o ò mọ̀ sẹ́nu ni? Kí ló dé tí o fẹ́ gbé orúkọ tí o ò mọ̀ lé ọmọ lórí?" Ìwé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ tó kún fún ìtumọ̀ orúkọ ọkùnrin. Edward: olùṣọ́ ọrọ̀. Robert: ẹni tí òkìkí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Alfred: ẹni tí àwọn iwin ń gbà nímọ̀ràn. Bó bá ti rí i, á fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìbí, torí ìjọba ò gbà kí wọ́n fi bíró kọ nǹkan síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kọ fún bíríkìlà di igi ẹ̀yìn ọgbà nínú ilé wọn. Ọmọ náà já sí kòtò ìpìlẹ̀ ilé ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ó jáde, apá rẹ̀ nìkan ló bó. Ọ̀kadà gbá a ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó dìde, ó gbọn eruku, ó ní ebi ń pa òun. Nígbà kọ̀ọ̀kan, bàbá rẹ̀ á wo ìyá rẹ̀, á ní, "Ṣé o rí i? A ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Ní ọ́fíìsì, bíríkìlà bi obìnrin tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni akọ̀wé àtijọ́ wà.

"Bàbá Akọ̀wé? Wọ́n ti fẹ̀yìn tì láti bí ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni wọ́n ń gbé, lójú ọ̀nà ilé-ìwé. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí nǹkan."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ìwé náà padà fún un, ó wọ bàtà, ó lọ. Ó fẹsẹ̀ rìn. Ó to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́nà bí ẹní ń to bulọ́ọ̀kù, èyí tó le jù ló fi sí òkè pátápátá.

Yàrá kan ṣoṣo ni. Arúgbó náà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ń wọlé láti iwájú.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán o. Tó bá jẹ́ télọ̀ lò ń wá, iwájú lo ti kọjá wá yẹn. Àwa tí ayé ti rán tán ló wà lẹ́yìn níbí."

"Ẹ̀yin ni mo wá rí, Bàbá Akọ̀wé."

"Èmi kẹ̀? Jókòó nígbà náà. Má jókòó sórí ìyẹn o, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi."

Bíríkìlà ò jókòó. Ó na ìwé náà sí i. Akọ̀wé wo ojú ìwé náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ọwọ́ mi nìyí. Wò ó bó ṣe tò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ṣe ni lẹ́tà wọn máa ń dà bí èèrà tí wọ́n da omi sí." Ó tún wo ìwé náà. "Eléyìí á ti di géńdé. Iṣẹ́ kí ló ń ṣe?"

"Ó ti kú."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ níwájú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìgbà wo?"

"Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà láyé. Èmi náà sì nìyí." Bíríkìlà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ìbéèrè kan ni mo bá wá, sà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sẹ́yìn ìwé yẹn, ṣé ó wà nínú ìwé yín lọ́jọ́ náà?"

Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí itan.

"Kò sí níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Ojú ewé tí lẹ́tà C wà nínú rẹ̀ ti ya kúrò nínú ìwé náà kí wọ́n tó gbé e fún mi. Láti B, D ló kàn."

"Ẹ ò wá lè sọ pé ẹ ò mọ̀."

"O sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé o ti sin méjì. Mi ò bi ọ́, ìwọ lo sọ ọ́. Bó o ṣe dúró yìí náà lo dúró, èèyàn tò sẹ́yìn rẹ dé ẹnu ọ̀nà. Mo wo ojú rẹ, mo kọ ohun tí ojú rẹ ń bẹ̀."

Bíríkìlà ní, "Èmi nìkan lẹ ṣe é fún?"

Arúgbó náà fi ọwọ́ tá abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ìwé àkọsílẹ̀ kan yọ tí etí rẹ̀ ti ká. Ó ní lẹ́yìn tí òun fẹ̀yìn tì lòun rí irú ìwé náà tó pé lọ́dọ̀ àna òun kan, lòun bá jókòó, òun kọ gbogbo orúkọ C tóun rántí pé òun ti purọ́ lé lórí, èyí tóun kọ lápá kan, òótọ́ rẹ̀ lápá kejì. "Mo ní ẹnì kan á wá bi mí lọ́jọ́ kan. Ọdún mọ́kànlá rèé, ìwọ lo kọ́kọ́ dé."

"Ẹ kà á."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ẹ kà á, sà."

"Craig. Mo kọ 'ẹni tí ó dé lásìkò'. Àpáta ni. Cecil. Mo kọ 'ẹni tí ń ríran jìnnà'." Ó tún ohùn ṣe. "Afọ́jú ni. Calvin. Mo kọ 'orí ọlá'. Apárí ni."

"Calvin lorúkọ dẹ́rẹ́bà tó ń bá wa kó yanrìn."

"Ṣé ó ti párí?"

"Orí rẹ̀ ń dán bí àwo."

Ẹ̀rín ta sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ojú ti bíríkìlà. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú rẹ̀ máa tú ká, ìdí rẹ̀ kò sì dára.

"Clifford ńkọ́?"

Akọ̀wé ò wo ìwé. "Ibì kan nínú odò ni, lẹ́bàá òkè olókùúta. Ibi tí omi ò ti jìn, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kọjá. Orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn tó ń gbé ìtòsí, ó di orúkọ ìdílé wọn, nígbà tó yá, wọ́n fi ń sọ ọmọ. Kò sí àdúrà nínú rẹ̀. Kò sí ègún nínú rẹ̀."

"Ibi tí wọ́n ń gbà kọjá odò."

"Òun náà ni."

Bíríkìlà wá jókòó, kì í ṣe orí àga, orí àpótí kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó ti tò lọ́nà ti wó.

"Bú mi," ni akọ̀wé wí. "Ohun tó o bá wá nìyẹn, àbí? Bú mi, mo tọ́ sí i."

"Ibà mú un fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé, sà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Ìyá rẹ̀ ní ká gbé e lọ ọ́sípítù lọ́jọ́ kẹta. Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ karùn-ún. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ní ikú ò lè mú eléyìí, mo ti rí i lákọsílẹ̀. Nígbà tá a débẹ̀, dókítà ní a pẹ́."

"Nítorí ohun tí mo kọ."

"Mo rìn láti ilé wá síbí, mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ. "Ìlà kan lẹ fi pẹ́ńsùlù fà. Èmi ni mo gbé ilé lé e."

"Gbé e lé mi lórí. Arúgbó ni mí, mi ò ní í rù ú pẹ́."

"Kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń bá èèyàn gbé, sà." Ó dìde, ó gba ìwé rẹ̀. "Àmọ́ ẹ wá àwọn tó kù rí. Gbogbo àwọn C yẹn. Ẹ sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n máa fi mí ṣe?"

"Ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ sọ fún wọn ṣáá. Ẹnì kan lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn báyìí, kó máa wo ẹ̀yìn ìwé."

Akọ̀wé fi orí dá a lóhùn. Nígbà tí bíríkìlà dé ojú títì, ó wẹ̀yìn, ó rí i tó ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́, ó ń bi télọ̀ pé ibo ni wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń wa yanrìn.

Ìyàwó rẹ̀ wà ní yàrá ọmọ náà, ó ń ká aṣọ. Ó ti to wọn sí ọ̀nà mẹ́ta lórí ilẹ̀.

"Bàbá Clifford, ibo lẹ lọ?"

Orúkọ yẹn ṣì ni wọ́n ń pè é. Kò sí orúkọ mìíràn tí wọ́n fẹ́ pè é.

"Mo lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé. Irọ́ ni. Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá odò ni orúkọ náà túmọ̀ sí."

Ó ká ẹ̀wù kan tán kó tó fèsì. "Mi ò gbà á gbọ́ rí."

"O ò gbà á gbọ́?"

"Ta ló mọ ẹni tó máa gbẹ̀yìn ẹnì kejì? Ọlọ́run ò sọ ọ́ fún akọ̀wé."

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, o ò sọ nǹkan kan."

"Kí wọ́n tó kọ ọ́, ẹ kì í sùn. Ẹ máa ń fetí sí mímí ọmọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Látìgbà tẹ́ ẹ mú ìwé yẹn wálé, ẹ ń sùn."

Bíríkìlà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò sí ọjọ́ kan tó sọ fún un rí pé òun ṣì í ṣe.

"Lọ́jọ́ kẹta yẹn," ló wí, "ọ̀rọ̀ rẹ ló yẹ kí n gbọ́. Èmi ni mi ò jẹ́ ká lọ."

Ìyàwó rẹ̀ ò ní kó má wulẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì bú u. Ó sún bíró àti ìwé sí etí ibùsùn. "Àwọn ẹbí ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ kọ ohun tó wà níbí sílẹ̀ kó má baà dàrú. Ọwọ́ yín dára ju tèmi lọ."

Ó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ń dárúkọ wọn, òun náà ń kọ ọ́.

Ṣòkòtò mẹ́fà. Ìkan wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀.

Ẹ̀wù mẹ́sàn-án. Méjì jẹ́ ti iṣẹ́, òróró ò kúrò lára wọn.

Bàtà dúdú kan, ó ti jẹ ní gìgísẹ̀ ọ̀tún.

Àpótí irinṣẹ́ kan. A ò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Fíríìjì mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti tún méjì ṣe.

Fóònù kan. Ọ̀pọ̀ ló pè é láti ọjọ́ náà, ẹnì kan ò tíì dá wọn lóhùn.

Oògùn ibà, páálí kan, ó ṣẹ́ ku mẹ́rin.

Àwòrán ọmọbìnrin kan tí àwa méjèèjì ò mọ̀.

Fọ́ọ̀mù kan láti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á, kò tíì kọ ọ́ tán. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe é, orúkọ ìyá rẹ̀ ló kọ.

Ibùsùn onírin kan àti tìmùtìmù rẹ̀.