Ọ̀nà Omi Kò Ní Òǹtẹ̀

Mosúnmọ́lá kì í ṣe aláìmọ̀wé. Ó kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó gbọ́ Faransé díẹ̀, ó sì ń sọ Ègùn láti ẹnu ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ibodè, òpè pátápátá ni, bíi gbogbo ará ilé wọn tó wà létí ọ̀sà nítòsí Gbájì. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Kí òyìnbó tó wá fa ìlà tirẹ̀ láàárín Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n sì ń bára wọn sin òkú. Bí wọ́n bá ń lọ sí Àjàṣẹ́, wọ́n á kàn wọ ọkọ̀ ojú omi bí ẹni tó ń lọ sẹ́yìnkùlé. Ta ló máa ń gba ìwé àṣẹ kó tó lọ sẹ́yìnkùlé ara rẹ̀?

Ayé owó epo ti kọjá lọ nígbà náà. Nígbà tówó wà, àwọn ará ìta ló ń rọ́ wá bá wa ṣiṣẹ́, a sì ń ṣe fọ́ńté. Nígbà tó tán, ó wá kan àwa náà láti máa wojú ọ̀nà. Owó oṣù olùkọ́ di ohun tí ìjọba ń san nígbà tó bá wù wọ́n. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé-ìwé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà kan ní Gábọ́ọ̀nù kọ̀wé sí Mosúnmọ́lá pé kó wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti bá a gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn ní Kútọnu. Ohun tó kù ò ju kó gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ kí wọ́n fún un ní físà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí físà ń lọ fún ìsinmi lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀, ilé-ìwé á sì ti wọlé kó tó dé. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, olùkọ́ mìíràn ni wọ́n máa mú.

Dosu, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin tó ń pè ní Bàbá, apẹja ni. Òun ló ní kí wọ́n má wulẹ̀ gba títì.

"Ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣé kí wọ́n máa tú àpò rẹ ní ibodè Sẹ̀mẹ̀ bí ẹni tó jí adìyẹ gbé ni? Màá gbé ọ gba ojú omi."

Ni wọ́n bá gba ojú omi ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sà pa rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan, inú Mosúnmọ́lá sì ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́, wọ́n wọ takisí dé Kútọnu.

Suwebat ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń gba ìwé lójú fèrèsé ọ́fíìsì aṣojú náà. Ọmọ Kétu ni, Yorùbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù náà títí dé ẹ̀yìn, ó tún padà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú.

"Arábìnrin, ibo lẹ gbà wọ ìlú wa?"

"Ojú omi ni, mà," Mosúnmọ́lá dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Bàbá mi ló fọkọ̀ gbé mi wá."

Suwebat wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà ni.

"Òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà dà? Tiwa tí wọ́n ń tẹ̀ fún ẹni tó bá wọlé ńkọ́?"

Mosúnmọ́lá na ọrùn wo ojú ìwé tó ṣófo náà.

"Lójú ìwé yìí, ilé yín lẹ ṣì wà o. Ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàwé lọ́wọ́ ẹni tí ò tíì dé?" Ó rọra dá pásípọ́ọ̀tù náà padà. "Ẹ lọ gba títì wá. Ọ̀la nìkan ló kù."

Ẹkún ni Mosúnmọ́lá sun jáde. Dosu ní kí wọ́n kúkú gba Sẹ̀mẹ̀ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mosúnmọ́lá mi orí. "Bàbá, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe wọ ìlú wọn. Ibi tá a gbà wá la máa gbà lọ."

Ojú omi ni wọ́n tún wà tí ọkùnrin náà fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Gábọ́ọ̀nù yìí náà ni Zinsu lọ."

Zinsu ni ọmọ Dosu. Ọkọ̀ akẹ́rù ló fara pamọ́ sí dé ọ̀hún, láìní ìwé kankan. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò lè wá. Bó bá jáde pẹ́nrẹ́n, kò ní ọ̀nà tó máa gbà wọlé mọ́.

"Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko," Dosu ní, "Zinsu ti wá sọ oko di ilé. Mo rò pé ìlú yẹn kì í dá ọmọ padà ni."

 Àánú rẹ̀ ṣe Mosúnmọ́lá gan-an.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dosu wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ lé e dé Sẹ̀mẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀ fún Mosúnmọ́lá. Dosu náà ń kọjá lọ nígbà tí aṣọ́bodè kan nawọ́ sí i.

"Baba, ìwé yín dà?"

"Ìwé kí ni? Àjàṣẹ́ la sin ìyá tó bí mi sí!"

"Baba, e no dey work like that. Ẹ ò lè kọjá."

Láyé rẹ̀, ẹnì kan kò dá Dosu dúró rí lójú ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń wo okùn tí wọ́n ta dí títì. "Máa lọ," ló sọ fún Mosúnmọ́lá. "Má wẹ̀yìn."

Àwọn ará ọ̀hún náà lu òǹtẹ̀ tiwọn. Nígbà tó dé Kútọnu, Suwebat rí òǹtẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o," ó sì gbé pásípọ́ọ̀tù wọlé. Mosúnmọ́lá jókòó, ó ń gbàdúrà. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Físà ti wà níbẹ̀. Ó fò sókè láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú kò tì í rárá.

Nígbà tó fi padà sí Sẹ̀mẹ̀, oòrùn ti ń rọlẹ̀, Dosu ṣì wà lórí bẹ́ńṣì kan lábẹ́ àtíbàbà. Ó gba pásípọ́ọ̀tù náà, ó ń fìka tọ́ ojú ìwé rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Pé kí n wá ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, Bàbá. Ọjọ́ tó máa parí nìyí. Kó tó pé náà, bí mo bá fẹ́ wá sílé, mo lè jáde kí n sì padà wọlé."

"Àwọn gan-an ló kọ ọ́ pé o lè wá sílé?"

"Àwọn ni, Bàbá."

 Dosu dìde, ó tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó sì lọ bá aṣọ́bodè tó dá a dúró láàárọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń gba irú ìwé yìí fún arúgbó?"

"Baba, ibo lẹ fẹ́ lọ?"

"Gábọ́ọ̀nù. Ọmọ mi wà níbẹ̀. Òun ò lè jáde, ṣùgbọ́n èmi lè wọlé."